Gbà, Tàbí Kọ̀

“Ìka mẹ́fà,” ẹ̀rọ wí. “Àṣìṣe wà. Gbé ọwọ́ rẹ gan-an wá.”

“Ọwọ́ mi gan-an nìyí,” Olúgbódi dá a lóhùn. “Èwo nínú wọn lo fẹ́ kí n fi sílé?”

Àwọn tó tò sẹ́yìn wọn rẹ́rìn-ín. Àìná ò rẹ́rìn-ín. Kò sí ilé ìjọba kan ní Abẹ́òkúta tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ wọ̀ rí tí kò gbọ́ àpárá yẹn níbẹ̀, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ Olúgbódi ṣe. Ìka kẹfà náà rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín ọwọ́ òsì, ó kéré bí ẹ̀wà. Òun ló bá a wáyé, òun ló sì sọ ọ́ ní Olúgbódi kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló ní orúkọ yẹn ló mú ti ọ̀run bọ̀, á kàn na ọwọ́ sókè ni, ẹjọ́ parí.

Àìná ò ní ohun tí yóò nà sókè.

“Ẹlẹ́rìí ni,” Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé sọ fún ẹ̀rọ. “Jẹ́ kó kọjá.” Òun ni òṣìṣẹ́ Gbọ̀ngàn Orírun, ọkùnrin tínrín kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú, tí ohùn rẹ̀ gbẹ bí ẹ̀pà àná.

“Yọ ahọ́n,” ẹ̀rọ sọ fún Àìná.

Ó yọ ọ́. Awẹ́ dígí pẹlẹbẹ kan jáde, ó tutù, ó kan ahọ́n rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn pẹ̀lú itọ́ rẹ̀. Ìjọba ní orúkọ gígùn kan tí wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Atọ́tọ́wò ni aráàlú ń pè é. Ẹni tí yóò fún un ní itọ́ kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu láti àárọ̀. Mọ́ínmọ́ín tí Màámi gbé pamọ́ fún un wà nínú àpò lórí itan ìyá náà. Ewé eéran gidi ló fi pọ́n ọn, ewé tó ṣọ̀wọ́n bí ojú báyìí, òórùn rẹ̀ sì ń jáde. Àìná mọ̀ pé ó yẹ kí ebi máa pa òun.

“Itọ́ rẹ ni,” ẹ̀rọ wí. “Gbà, tàbí kọ̀.”

“Gbà.”

Ẹ̀rọ dún bí ìgbà tí ṣíbí bá kan àwo. “A ti gbọ́.”

“Ẹ ṣọ́ ẹnu yín nínú ilé yìí o,” Ṣówándé kìlọ̀ fún gbogbo wọn. “Kì í gbọ́ ‘bẹ́ẹ̀ ni’. Kì í gbọ́ ‘ẹ jẹ́ n rò ó’. Bó bá di ìdáhùn, ọ̀rọ̀ méjì yẹn nìkan ló ń wọ̀ ọ́ létí, èmi gan-an kì í sì í pè wọ́n níbí. Bàbá kan dúró síbi tí ẹ dúró sí yìí, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí fóònù, ó sì ń pariwo ọ̀kan nínú wọn. Ẹ má bi mí èwo. Ó ti di ará Kútọnu báyìí.”

“Ṣé ìyàwó náà ti di ará Kútọnu?” Olúgbódi bi í.

“Ìyàwó wà ní Ìbarà. Ó ti fẹ́ ẹlòmíràn.”

Lókè orí wọn, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára àpáta ògiri: ẸNÌ KAN, ORÍRUN KAN. Láti ìgbà tí òkun ti gba Èkó, tí gbogbo ayé sì ti gun òkè wá, bí òfin ṣe rí nìyẹn. Omi tó ń wọ ilé kò ju iye orí inú ilé lọ, ẹ̀rọ omi á sì kọ́kọ́ kí onílé kó tó tú tiwọn sílẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin mẹ́ta,” ló ti ń wí nílé ìdáná wọn láti ìgbà tí Àìná ti gbọ́n. Ṣùgbọ́n Àìná ti wá dé ọjọ́ orí tí òfin ní kí ọmọ tí a gbà tọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè dúró síwájú Atọ́tọ́wò, kó sì ní ẹyọ orírun kan. Láàárọ̀ òní, ẹ̀rọ omi sọ ojú abẹ níkòó. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin méjì àti àlejò kan.” Màámi gbá ẹ̀rọ náà létí. Ọwọ́ Màámi ló dùn ún.

“A ti rí ẹ̀jẹ̀ tó bá tìrẹ mu,” Atọ́tọ́wò wí.

Dígí ńlá iwájú wọn là, ọkùnrin kan sì jókòó sínú rẹ̀. Fúláàsì omi gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́, ó sì ti fi omi tẹ irun mọ́lẹ̀ nítorí ọjọ́ òní. Imú Àìná ló wà lójú rẹ̀. Etí tó fẹ̀ sọ́wọ́ iwájú, èyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹlẹ́tìí Ehoro nílé ìwé, òun náà rèé.

“Bàbá rẹ nìyẹn,” Màdáámù Pẹ́ẹ́ wí. “Ọ̀gbẹ́ni Wéi.”

Arúgbó obìnrin ni Màdáámù Pẹ́ẹ́, òun ni ẹlẹ́rìí ilẹ̀ kejì. Ó ti ń gbé Abẹ́òkúta láti ìgbà tí wọ́n ń tún ojú irin ṣe, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń fọ́ eegun jẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń dún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa túmọ̀, kó sì máa kó ọmọ lọ. Arúgbó ti kún ilẹ̀ Ṣáínà, ọmọ ò sí, wọ́n sì ń wá àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ kó dànù ní Ọdún Omi, nígbà tí odò bo ìlú wọn, padà lójú méjèèjì.

Àìná ń wo ọkùnrin náà, ó ń dúró de ohun tí yóò ṣe òun. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó dà bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé pẹ́. O mọ̀ pé tìẹ ni, ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tẹ tìmùtìmù ni.

Bẹ́ẹ̀, Àìná fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n wá a. Kò sọ fún Màámi. Ìbéèrè kan ló fẹ́ bi í.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan,” Ṣówándé wí. “Bẹ́ẹ̀ ni òfin sọ. Ìwọ ló kàn.”

“Ẹ bá mi bi í,” Àìná wí, kò sì gbé ohùn sókè, “pé nígbà tí wọ́n bí mi, ṣé ìwọ́ mi wà lọ́rùn mi?”

Ó gbọ́ bí Màámi ṣe mí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwa tí a bí nílẹ̀ yìí, a mọ̀ pé ọmọbìnrin tó bá fi ìwọ́ kọ́rùn wáyé, Àìná ni. Kì í ṣe ìyá, kì í ṣe bàbá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A sì mọ̀ pé a kì í na Àìná. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, tí òun àti Olúgbódi jọ ji ẹran inú ìkòkò, Olúgbódi nìkan ló jẹ pàṣán méjèèjì. “Pàṣán mọ orúkọ,” á máa wí, á máa fọwọ́ ra ìdí. “Tèmi hàn lọ́wọ́. Tìẹ, ta ló rí i?” Nílé ìwé, wọ́n ń kọ ọ́ lórin, Àìná Ṣáínà, Àìná Ṣáínà. Onídìrí ń bínú sí orí rẹ̀ pé irun ń yọ̀ bí ilá, ṣùkú ò dúró. Àìná á lọ dúró níwájú dígí lẹ́yìn náà, á gbé àgbọ̀n sókè, á máa wá àpá ìwọ́ lọ́rùn ara rẹ̀. Bí ohun gbogbo lára òun bá ti ibòmíràn wá, ó kéré tán orúkọ òun wá tààrà láti ọ̀run, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ilé kan ju ilé kan lọ.

Màdáámù Pẹ́ẹ́ túmọ̀ ìbéèrè náà. Ọkùnrin inú dígí gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ dàrú. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀.

“Ó ní òun ò mọ̀. Òun ò sí níbẹ̀. Orí ògiri odò ló wà, ó ń ru àpò yanrìn. Nígbà tó fi máa dé, omi ti gbé ilé lọ. Ìyá rẹ kò yè é. Wọ́n ní ọmọ yè, pé ọmọ wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ wo, wọn ò mọ̀.”

“Ó dáa,” Àìná wí.

“Ó fẹ́ bi ìwọ náà ní tiẹ̀.” Màdáámù Pẹ́ẹ́ tẹ́tí sí i, ó ní kó tún un sọ, ó sì wo Àìná. “Ó ní, ṣé o ti jẹun?”

Ìbéèrè kan ṣoṣo tí òfin fún un, ohun tó fi ṣe nìyẹn. Àìná yíjú wo àpò tó wà lórí itan Màámi.

“Ẹ jẹ́ kó sinmi ná,” Ṣówándé wí. “Ẹni tó gba ọmọ ló kàn. Màmá, ẹ dìde. Ta ló sọ ọmọ yìí lórúkọ?”

Ìyá Olúgbódi dìde. Ó tún gèlè ṣe. Kò sí ohun tí obìnrin yìí fẹ́ràn láti sọ ju ìtàn yìí lọ, ó sì ti sọ ọ́ nílé ọkọ, ó sọ ọ́ nílé òkú, ó sọ ọ́ fún awakọ̀ tí kò bi í.

“Kò sẹ́ni tó sọ ọ́,” ó wí. “Òun ló mú un wá. Ẹ̀rọ amómitutù ni mo lọ gbé ní èbúté Àpápá, nígbà tí Àpápá ṣì jẹ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Èrò pọ̀, gbogbo rẹ̀ ń ké. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó wò mí báyìí, ó na ọmọ sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, ‘Àìná.’ Orí mi wú. Mo ní, ẹ gbọ́, ọmọ yìí tòkè òkun dé tòun torúkọ. Mo fi ẹ̀rọ amómitutù sílẹ̀ síbẹ̀. Bóyá akàn ti fi ṣe ilé nísàlẹ̀ omi.”

“Ẹ ò ṣe ìsọmọlórúkọ fún un?”

“Kí la ó tún sọ ọmọ tó ti dárúkọ ara rẹ̀? Ìyá ọkọ mi ní ká fi Adùnọlá kún un. Mo ní ẹnu tèmi kọ́ ni yóò bo ti ọ̀run mọ́lẹ̀.”

Ṣówándé ka òfin láìwo ìwé: “Orúkọ tí ọmọ mú wá, ibi tó ti mú un wá ló ni ọmọ. Orúkọ tí ilé fi ẹnu ara wọn sọ ọmọ, ilé ló ni ín. Màmá, ẹ ti fi ẹnu yín jẹ́rìí. Ọkọ̀ Ṣáínà ń ṣí lọ́la.”

Ibi tí ẹ̀rín tán nìyẹn.

“Ẹ dúró ná,” Olúgbódi wí. “Ọ̀run ni Àìná ti ń mú orúkọ wá. Ọ̀run kì í ṣe Ṣáínà.”

“Ọ̀run ò sí nínú àwòrán ilẹ̀ wa, ẹ̀gbọ́n. Ibi tí ọkọ̀ ti ṣí là ń kà.”

Olúgbódi fa ìyá rẹ̀ láṣọ. “Màámi, ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ẹ ní ẹ gbàgbé. Àgbà ni yín, wọ́n á bá yín gbé e.”

“Kí n parọ́ mọ́ orúkọ ọmọ mi?” Màámi fa aṣọ rẹ̀ yọ lọ́wọ́ Olúgbódi. “Nítorí orúkọ yìí, mi ò fọwọ́ kan ọmọ yìí rí. Bó bá jẹ́ irọ́, kí ni gbogbo ọdún yẹn?” Ó yíjú sí Àìná, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè sọ. Àìná ń wò ó. Ó mọ̀ pé ibi tí ènìyàn ti ń sunkún rèé. Ó dúró de ẹkún náà bí ó ṣe dúró de ebi láàárọ̀, kò sì dé.

“Ìyá Àìná,” Màdáámù Pẹ́ẹ́ wí láti ìjókòó rẹ̀, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ obìnrin ọkọ̀ yẹn wí. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an.”

“Àìná,” Màámi wí. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú pẹ̀lú rẹ̀, bó ṣe máa ń nà án nígbàkúùgbà tó bá ń sọ ìtàn náà. Ọ̀rọ̀ náà já wálẹ̀, ó sì gbéra sókè ní ìparí.

“Pẹ̀lú ọwọ́ báyẹn?”

“Pẹ̀lú ọwọ́ báyìí. Ṣé mo máa gbàgbé ni?”

Màdáámù Pẹ́ẹ́ dìde. Ó rọra wá títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ Àìná, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rọ má baà gbọ́ Yorùbá rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sí i létí.

“Orúkọ kọ́. Ní tiwa náà, bí ohùn ṣe gòkè sọ̀kalẹ̀ ló ń fún ọ̀rọ̀ nítumọ̀, ìyá rẹ sì gbọ́ ọ dáadáa. Ó kàn fi etí Yorùbá gbọ́ ọ ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tó rẹ̀ ni, ẹni tó ti na ọmọ síta láti àárọ̀. Ó ń wí fún ìyá rẹ pé, ‘Ó yá, gbà.’”

Àìná wo ọwọ́ méjèèjì tí Màámi ṣì nà síwájú.

“Iṣẹ́ mi ni kí o wá sọ́dọ̀ wa,” arúgbó náà wí. “Bí o bá ní kí n gbé e mì, mo gbé e mì. Kò ní há mi lọ́fun.”

Ó yé Àìná yékéyéké. Òye ò fìgbà kan jẹ́ ìṣòro rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, òun kò mú orúkọ wá, Màámi ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òun, ilé ló ni òun. Ilẹ̀kùn ilẹ̀ kejì á tì mọ́ ọkùnrin elétí ehoro yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì ní í ṣí i mọ́. Màámi á pàdánù ìtàn tó fi ń tẹsẹ̀ rìn, òun náà á pàdánù ọ̀run. Bó bá sì wà lọ́fun Màdáámù Pẹ́ẹ́, orúkọ á wà ní mímọ́, òun á sì wọkọ̀ lọ́la.

“Ẹlẹ́rìí ilẹ̀ kejì,” Atọ́tọ́wò wí, “ètè rẹ ń mì. Sọ̀rọ̀ sókè.”

Màdáámù Pẹ́ẹ́ wo ẹ̀rọ, ó wo Àìná. Àìná ò mì orí, kò gbọn orí. Arúgbó náà mí sínú, ó sì fi èdè ìlú rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹ̀rọ. Inú dígí lọ́hùn-ún, Ọ̀gbẹ́ni Wéi gbọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ kan bo ojú.

“Ẹlẹ́rìí ilẹ̀ kejì ní ọmọ yìí kò mú orúkọ wá,” ẹ̀rọ wí. “Ó ní ilé yìí ló fi etí ara wọn gbọ́ ọ, tí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Àìná, bó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé yìí ni orírun rẹ. Gbà, tàbí kọ̀.”

“Fi etí ara wa gbọ́ báwo?” Màámi bèèrè. “Kí lobìnrin yìí sọ?”

Àìná yíjú sí dígí.

“Gbà, tàbí kọ̀.”

Ọkùnrin inú dígí ti gbé ọwọ́ kúrò lójú. Ó ń wo Àìná. Ó ti lo ìbéèrè tirẹ̀. Ṣówándé ń wo bàtà ara rẹ̀. Òórùn mọ́ínmọ́ín kún gbogbo ibẹ̀.

“Àìná, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀,” Màámi wí. Ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń mì í. “Mo ti pè ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Kí ni orúkọ rẹ túmọ̀ sí lẹ́nu wọn?”

“Gbà, tàbí kọ̀,” ẹ̀rọ wí. “Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí.”

“Gbà,” Àìná wí.

Ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ta ló dá lóhùn, ìyá ni àbí ẹ̀rọ, bí o bá fi pàṣán bi í, kò lè sọ. Ẹnikẹ́ni ò sì fi pàṣán bi í rí.

Ẹ̀rọ dún bí ṣíbí lára àwo. “A ti gbọ́.”

Dígí ṣókùnkùn. Ọkùnrin náà ti ń dìde lórí ìjókòó nígbà tí dígí kú, etí rẹ̀ ló kẹ́yìn tó pòórá.

Màámi ò wo dígí. Ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì ló ń wò, ó nà wọ́n síwájú, ó ń yí wọn padà.

“Bẹ́ẹ̀ ló wí?” ó bi Màdáámù Pẹ́ẹ́. “Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan.”

“Ó rẹ̀ ẹ́ ni.” Màámi jókòó díẹ̀díẹ̀. “Ojú rẹ̀ pọ́n, mo sọ fún yín. Mo rò pé ohun ńlá ló ń sọ fún mi.” Ó wo Àìná. “Mo sì gbé ọ.”

“Gbogbo pàṣán tí mo jẹ ńkọ́?” Olúgbódi wí. “Ìdajì yẹn, ti ta ni?”

“Panu mọ́,” Màámi wí, ṣùgbọ́n kò wò ó.

Ṣówándé fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn mìíràn ń dúró. Àìná ò tíì kúrò níbi tó dúró sí.

“Màdáámù,” ó wí, “ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti jẹun.”

“Ilẹ̀kùn ti tì, ọmọ mi.”

“Ẹ̀yin á ṣáà délé níjọ́ kan.”

Arúgbó náà rò ó wò. “Mo fẹ́ dé ibẹ̀ kí n tó kú. Mà á yà sọ́dọ̀ rẹ̀.” Ó wo ètè Àìná tó ti funfun. “Ṣùgbọ́n irọ́ nìyẹn. O ò tíì jẹun.”

Màámi ti ṣí àpò. Ó yọ mọ́ínmọ́ín náà, ewé rẹ̀ ṣì gbóná díẹ̀. Kò rò ó, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ọmọ náà.

“Ó yá,” ó wí, “gbà.”

“A ti gbọ́,” ẹ̀rọ wí.